Owó ilé gòkè, owó oṣù dúró: ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín onílé àti ayálégbé ní Òkè-Àrò

Òkè-Àrò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkó kó má tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti ré ààlà kọjá. Ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, mọ́tò kan náà ni wọ́n ń wọ̀, ibi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn sì wà ní Agége, Ìkẹjà àti Ọ̀yìngbò. Ìgbà tí ìjà owó ilé bá dé ni ààlà yẹn máa ń hàn. Ayálégbé á ní, "Fáṣọlá ti ṣòfin, ẹ ò gbọdọ̀ gbà ju ọdún kan lọ." Onílé á ní, "Ilé mi ni, ohun tó bá wù mí ni mo lè ṣe sí i." Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò tọ̀nà, ó sì ti da àárín àwọn tó ń kírun nínú mọ́sálásí kan náà rú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀wọ́n yìí gbà wọlé, nítorí bí a kò bá mọ ìyẹn, kò sí bí a ó ṣe mọ ẹni tó ń rẹ́ ẹnì kejì jẹ àti ẹni tí ìnira kàn dé bá.

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ló kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí kò tó ₦200 di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì ti kọjá ₦600 kí oṣù Keje tó parí. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bí ₦460 ti lé ní ₦1,400 nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024. Oṣù Kejì yẹn náà ni àpò sìmẹ́ǹtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, tí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn ilé-iṣẹ́ Dangote, BUA àti Lafarge jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n máa tà á ní ₦7,000 sí ₦8,000. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ nígbà náà kò ní gbàgbé.

Fún àwa tí a wà ní ìhà Agbádo, nǹkan mìíràn tún wọlé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádo lọ sí Ọ̀yìngbò, ìrìn kìlómítà 27. Ìrọ̀rùn ńlá ni fún òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá dé, èèyàn ń tẹ̀lé e dé ibẹ̀, ajẹ́ǹtì náà sì mọ̀. Ẹni tí owó ilé Agége ti lé kúrò máa wá yàrá sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí yóò ti rọrùn fún un láti wọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn ará Mówe àti Ìbàfò lórí títì Èkó sí Ìbàdàn: iṣẹ́ wà ní Èkó, orun wà ní Ògùn, owó ilé Èkó sì ń tì wọ́n lẹ́yìn.

Ìṣirò méjì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú olówó wo onílé. Ní Ìkòyí, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní Òkè-Àrò, Lámbe àti Mátógun, ọ̀pọ̀ onílé jẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, ìyá olọ́jà tàbí awakọ̀ àtijọ́ tó fi àjẹmọ́nú ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, tó ń kọ́lé náà díẹ̀díẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé inú fúláàtì kan, tó sì fi ìyókù rẹ́ǹtì fún ẹlòmíràn. Owó ilé yìí ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, òun náà ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá onílé ní fúláàtì mẹ́rin tó fi rẹ́ǹtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦250,000 lọ́dún. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Ẹ pín in sí oṣù méjìlá, ó jẹ́ ₦83,333 lóṣù. Nínú rẹ̀ ni yóò ti tún òrùlé tó ń jò ṣe, tí yóò ti pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi, tí yóò ti wá ẹni tí yóò gbẹ́ ṣaláńgá, tí yóò sì ti dá owó transfọ́mà àti owó ọlọ́dẹ tí ẹgbẹ́ àdúgbò ń gbà. Bí ayálégbé kan ṣoṣo bá kọ̀ láti san, owó oṣù bàbá ti di ₦62,500. Bẹ́ẹ̀, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Ògùn fọwọ́ sí láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 jẹ́ ₦77,000.

Ẹ wá wo ayálégbé. Ẹ jẹ́ ká ní ₦77,000 yẹn gan-an ló ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ iléèwé aládàáni àti àwọn tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù kò rí tó bẹ́ẹ̀. Ajẹ́ǹtì dé, ó ní owó ilé ti kúrò ní ₦250,000, ó ti di ₦500,000. Kí ó tó lè rí i san lẹ́yìn oṣù méjìlá, ó gbọ́dọ̀ máa fi ₦41,667 pamọ́ lóṣooṣù. Ohun tó ṣẹ́ kù fún oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti owó iléèwé ọmọ kò ju ₦35,333 lọ. Kò sí ìyá ilé tó lè ṣe é, bó ti wù kó mọ owó ṣọ́ tó.

Nítorí náà, èló ló tọ́ kí ó gòkè? Ọ̀nà kan wà tí àwọn méjèèjì lè fi wò ó láìjà. Àjọ tó ń ṣírò iye nǹkan nílẹ̀ wa, National Bureau of Statistics, sọ pé ọ̀wọ́n ọjà fi ìdá 28.92 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè láàárín ìparí ọdún 2022 sí ìparí 2023, ó sì tún fi 34.8 gòkè láti ibẹ̀ sí ìparí 2024. Onílé tí kò fi kọ́bọ̀ kún ₦250,000 rẹ̀ láti ìparí 2022, bí owó náà bá máa ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ ní ìparí 2024, ó yẹ kó tó nǹkan bí ₦434,000. Ẹni tó ti fi kún un ní ìparí 2023 kò ní ju ₦337,000 lọ. (Ẹ má ṣe fi ìṣirò 2025 lé e lórí tààrà, nítorí ní oṣù Kìíní ọdún náà ni àjọ yẹn yí ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ padà.) Lójú tèmi, ayálégbé tó bá ní kí owó ilé dúró síbi tó wà láti 2022 ń bẹ bàbá pé kó máa bọ́ òun. Onílé tó bá sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn tó ti fi kún un lọ́dún tó kọjá, kò lè fi ọ̀wọ́n ọjà ṣe àwíjàre.

Ẹnì kẹta tún wà tí a kì í sábà ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Kọmíṣàn àti owó àgírímẹ́ǹtì, tí wọ́n sábà máa ń gbà ní ìdá mẹ́wàá mẹ́wàá, ìgbà tí ayálégbé tuntun bá wọlé ni ajẹ́ǹtì máa ń rí i. Ẹni tó ń sọ fún Alhaja onílé pé "àwọn tó lè san ₦600,000 wà nílẹ̀, ẹ lé èyí jáde" kì í ṣe ẹni tí kò ní èrè níbẹ̀. Bí fúláàtì náà bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta kí ẹni ₦600,000 tó dé, ìdá kan nínú mẹ́rin owó ọdún yẹn ti lọ, kò sì sẹ́ni tó máa san án padà fún Alhaja.

Òfin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìhà ibí

Òfin tí àwọn èèyàn ń pè ní ti Fáṣọlá ni òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011. Ó sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ti wà nínú ilé, tó ń san lóṣooṣù, kò gbọdọ̀ gba ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, kò gbọdọ̀ ju ọdún kan. Ìjìyà rẹ̀ jẹ́ owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Nínú Èkó gan-an, òfin náà yọ Apapa, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Òfin ilé ìgbìmọ̀ Èkó sì ni, kò ré ààlà wọ Ògùn. Ayálégbé Òkè-Àrò tó bá gbé e lọ bá onílé, òfin aládùúgbò ló gbé lọ.

Àmọ́ onílé náà, ẹ má yọ̀ jù. Ohun tó ń ṣàkóso ilé yín ni àdéhùn tí ẹ jọ ṣe àti ìlànà tí kóòtù ń tẹ̀lé kí wọ́n tó gba ilé lọ́wọ́ ẹni. Bí ọdún tí ẹ gba owó rẹ̀ kò bá tíì pé, ẹ kò lè fi nǹkan kún un, àyàfi tí àdéhùn bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ayálégbé kúrò, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní kúìtì nótíìsì. Bí àdéhùn kò bá dárúkọ àkókò, ẹni tó ń san lóṣooṣù ní oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà. Nígbà tí àkókò yẹn bá parí, ẹ ó tún fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje, tó ń sọ pé ẹ ń lọ sí kóòtù láti gba ilé yín. Lẹ́yìn náà ni kóòtù. Adájọ́ nìkan ló lè pàṣẹ kí wọ́n kó ẹrù ẹnikẹ́ni síta.

Yíyọ páànù òrùlé, yíyọ ilẹ̀kùn, gígé iná, títi ẹnu kànga pa: kò sí èyí tó bófin mu nínú wọn. Ẹ rántí Odumegwu Ojukwu. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà ológun, fi ọlọ́pàá lé e jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ní 1986 àwọn adájọ́ sì sọ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi agbára gba ohun tí kóòtù ń gbọ́ ẹjọ́ lé lórí, ìbáà ṣe ìjọba. Bí ìjọba ológun kò bá ní ẹ̀tọ́ yẹn, bàbá onílé ní Òkè-Àrò kò ní i.

Ọlọ́pàá náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Iṣẹ́ Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn torí pé ó da àdéhùn tàbí pé ó jẹ gbèsè lásán. Gbèsè owó ilé kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Bí wọ́n bá jà, tí ẹnì kan fi nǹkan lu ẹnì kejì, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ayálégbé tó ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti òkè, ẹ dúró. Àwọn kan wà tí wọ́n sọ òfin di ibi ìsádi: wọn kò san owó, wọn kò kúrò, wọ́n á ní kúìtì tí onílé kọ kò péye, ẹjọ́ á sì máa falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, nínú ẹjọ́ Pillars Nigeria Limited àti Desbordes, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti ilẹ̀kùn yẹn. Adájọ́ Helen Ogunwumiju, tó ka ìdájọ́ náà, sọ pé bí kúìtì kò bá tilẹ̀ péye, ìwé ìpẹ̀jọ́ tí wọ́n bá fi lé ayálégbé lọ́wọ́ ti tó láti jẹ́ kó mọ̀ pé onílé fẹ́ ilé rẹ̀. Kò ní kí onílé má fún èèyàn ní kúìtì mọ́ o. Ohun tó ń sọ ni pé àléébù inú kúìtì kò lè máa gbé ayálégbé tó jẹ gbèsè ró títí.

Ẹni tí kò lágbára láti gba agbẹjọ́rò lè lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran tálákà lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tó ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ẹ̀sìn bá wọn dé

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le, ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń wá āyà tí yóò gbè é. Ayálégbé á ka Súrà Bákárà, āyà 280, níbi tí Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí a lọ́ra fún onígbèsè tí nǹkan nira fún títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Onílé á ka ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Máídà, níbi tí wọ́n ti pa á láṣẹ fún onígbàgbọ́ pé kó mú àdéhùn ṣẹ. Àwọn méjèèjì ló ka òótọ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí.

Ilé yíyá wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìjárà. Ẹni tó ní ilé ń ta àǹfààní gbígbé inú rẹ̀, kò ta ilé náà. Láti lè tọ̀nà, iye owó gbọ́dọ̀ hàn, àkókò náà gbọ́dọ̀ hàn, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá yí i padà láàárín àkókò náà. Ọ̀wọ́n ọjà tó dé lóṣù kẹrin kò fún onílé láṣẹ láti bi ayálégbé ní owó tuntun. Bákan náà, ìlọ́ra tí āyà 280 sọ wà lórí gbèsè tó ti wà lọ́rùn èèyàn. Kò sọ pé kí ó máa gbé inú ilé onílé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó ní owó lọ́wọ́, tó fi ra fóònù tuntun tàbí tó fi ṣe ìnáwó, tó wá ń bẹ̀bẹ̀ ìlọ́ra, hàdíìsì tí Bùkárì gbà wá ti pe ìdádúró ẹni tó lówó ní àbòsí.

Ní ti fífi iye lé ọjà, àwọn sàábé bẹ Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé kó bá wọn dá iye lé e nígbà tí nǹkan wọ́n ní Mẹ̀dínà. Kò ṣe é, ó ní òun kò fẹ́ pàdé Ọlọ́hun pẹ̀lú àbòsí ẹnikẹ́ni lórí owó rẹ̀. Èyí ni àwọn onílé fẹ́ràn láti gbọ́. Ṣùgbọ́n Ibn Taymiyyah, tó kú ní 1328, ṣàlàyé pé èyí wà fún ìgbà tí ọ̀wọ́n bá wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ní ọjà bá jọ ń fi ìnira rẹ́ èèyàn jẹ, aláṣẹ lè dá sí i. Ẹ bi àáfà yín síwájú sí i. Àpilẹ̀kọ nìyí, kì í ṣe fátúwà.

Ohun kan tí mọ́sálásí lè ṣe, tí a kì í sábà rántí, ni sàká. Súrà Táòbà, āyà 60, ka onígbèsè mọ́ àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Ayálégbé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó jẹ onílé ní owó oṣù mẹ́rin, wọ inú rẹ̀ dáadáa. Bí ẹgbẹ́ àsàlátù bá san owó náà tààrà fún onílé, tí wọ́n sì gba rìsíìtì, ọ̀rọ̀ méjì tán lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹ ṣe lè fi í sínú ìwé

Ìdí ìjà yìí gan-an ni pé owó ń wọlé lóṣooṣù tàbí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n owó ilé ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀pọ̀ onílé kò kọ̀ láti gbà á ní ìdá-ìdá bí ọkàn wọn bá balẹ̀ pé yóò wọlé. Ẹ lọ bá wọn ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ọdún tó pé; ẹ má dúró di ọjọ́ tí ajẹ́ǹtì bá kan ilẹ̀kùn. Ẹ sọ fún wọn pé: "Bàbá, ẹ kú ìnáwó ilé. Mo mọ̀ pé ọjà ti wọ́n. ₦250,000 kò tó mọ́, ₦500,000 kò sì ṣeé ṣe fún mi. Ẹ jẹ́ kí a jọ wo iye tó wà láàárín." Onílé tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí onílé tí wọ́n ń sá fún láti ẹnu géètì.

Nígbà tí ẹ bá fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Súrà Bákárà, āyà 282, èyí tó gùn jù nínú Kùránì, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí ló dá lé. Ìwé náà kò ní láti gùn. Ó lè rí báyìí:

"A fẹnu kò pé owó ilé fúláàtì yìí fún ọdún kan, láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, jẹ́ ₦400,000. Owó ọdún kan ni, a kàn pín sísan rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, ₦100,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Iye náà kò ní yí padà kí ọdún tó pé. Bí sísan kan bá pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ, a ó jókòó níwájú ìmáàmù tàbí alága àdúgbò kí ọ̀rọ̀ tó lọ sí ibòmíràn."

Ẹ ṣọ́ gbólóhùn kejì yẹn dáadáa. Bí ayálégbé bá kàn ń san lóṣooṣù láìsí i nínú ìwé pé owó ọdún ni wọ́n pín, kóòtù lè kà á sí ayálégbé oṣooṣù, tí kúìtì oṣù kan ti tó fún. Ọ̀pọ̀ ti pàdánù oṣù márùn-ún báyìí láìmọ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ mítà kún un bí mítà kan bá wà fún gbogbo ilé: ta ló ń ra iná, báwo ni wọ́n ṣe ń pín in, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá ní fíríìjì méjì. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí iná àwọn tó wà ní Band A ti di nǹkan bí ₦225 lórí ìwọ̀n kan, ìjà mítà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìjà owó ilé lọ ní àwọn ilé kan. Ẹ̀dà ìwé méjì, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì náà fọwọ́ sí i. Nígbà tí ẹ bá sì ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, ẹ kọ ohun tí ẹ san án fún sínú rẹ̀, irú bíi "owó ilé, ìdá kejì, 2025", nítorí owó tí a kò kọ nǹkan sí lára, ẹni tó gbà á lè sọ pé gbèsè àtijọ́ ni òun fi gbà á.